Lamu: ohun tó wà lẹ́yìn ìjà lórí èbúté àti ọ̀kadà

Nínú ìgboro àtijọ́ Lamu, ìlú erékùṣù kan ní etíkun Kẹ́ńyà, àwọn ọ̀nà kan wà tó jẹ́ pé bí ẹni méjì bá pàdé, ọ̀kan ní láti fẹ̀gbẹ́ rìn kí èkejì tó kọjá. Bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru àpò símẹ́ńtì bá sì ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀yin lẹ ó fẹ̀yìn ti ògiri, torí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í yà fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ láti ayébáyé nìyẹn. Ẹ̀yìn náà ni ọ̀kadà, èyí tí wọ́n ń pè ní bodaboda ní Kẹ́ńyà, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí. Àwọn àgbà ní kí wọ́n kó o jáde. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gùn ún jẹun ní ibo ni kí àwọn gbà. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pé ọ̀kadà kò gbọ́dọ̀ wọ ìgboro àtijọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀.

Ẹni tó bá gbọ́ ọ lókèèrè á ní ariwo àti èéfín ni wọ́n ń sá fún. Ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni orúkọ Lamu ti ń jáde nínú ìròyìn: èbúté tuntun, ilé-iṣẹ́ amúnáwá tó fẹ́ máa jó èédú, kónílé-ó-gbélé, ẹjọ́ lóríṣiríṣi. Àwọn oníròyìn a máa to ìkọ̀ọ̀kan sábẹ́ orí tirẹ̀, ọ̀kan sábẹ́ ọrọ̀ ajé, ọ̀kan sábẹ́ ààbò. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n sì ni: bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó, bí igi ṣe gùn tó, bí omi ṣe jìn tó, wákàtí mélòó ni òru ní. Orí àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ìgbé ayé àwùjọ ibẹ̀ dúró lé.

Erékùṣù kékeré ni Lamu, ní etíkun Kẹ́ńyà lápá àríwá, níbi tí kò jìnnà sí ààlà Sòmálíà. Kò sí afárá tó so ó mọ́ òkè ilẹ̀. Ẹni tó bá gba ọ̀nà ilẹ̀ wá, Mokowe ni yóò ti sọ̀kalẹ̀, kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó bá bá bàálù wá, erékùṣù Manda tó kọjú sí Lamu ni yóò balẹ̀ sí, òun náà á tún wọ ọkọ̀ ojú omi. Ó ti lé ní 700 ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń gbé ìlú náà láìdáwọ́ dúró. Lọ́dún 2001, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ogún àjogúnbá àgbáyé, torí pé nínú gbogbo ìlú Swahili tó wà ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, kò sí èyí tó dàgbà tó o tó sì tún wà bó ṣe wà. Ìkànìyàn ọdún 2019 ka nǹkan bí 144,000 ènìyàn ní gbogbo ìpínlẹ̀ Lamu, àti òkè ilẹ̀ àti àwọn erékùṣù rẹ̀. Ìlú tí à ń sọ yìí kéré púpọ̀ sí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ilé lọ ná. Òkúta iyùn tí wọ́n gbẹ́ ní etí òkun ni wọ́n fi ń mọ ògiri ilé Lamu, wọ́n á sun òmíràn nínú rẹ̀ títí yóò fi di ẹfun, ẹfun yẹn ni wọ́n ń fi rẹ́ ẹ. Igi tó sì gbé àjà dúró ni igi ẹ̀gbà, igi inú ẹrẹ̀ omi oníyọ̀ tó máa ń na gbòǹgbò rẹ̀ bí ẹsẹ̀ alákàn. Boriti ni wọ́n ń pe igi yìí bí wọ́n bá ti gé e tán. Boriti kì í sábà gùn ju mítà méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta lọ. Torí náà, kò sí yàrá kan nínú àwọn ilé àtijọ́ wọ̀nyí tó lè fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè gùn bó ṣe wù wọ́n, wọn ò kàn lè fẹ̀ ni. Bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yàrá wọn ṣe rí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì láti àgbàlá àárín ilé wọ inú lọ. Ìta ni àlejò ń dé sí, ìdílé wà láàárín, yàrá obìnrin ló sì wà ní inú pátápátá. Bí ènìyàn bá bi mí pé kí ló pinnu ètò ẹbí ní Lamu, mo lè ní ẹ̀sìn ni, mo lè ní ìran ni, ṣùgbọ́n n kò ní gbàgbé igi inú ẹrẹ̀ yẹn.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi kan gbogbo ilé nígbà tí ìjọba Kẹ́ńyà fi òfin de gígé igi nínú igbó ọba ní oṣù kejì ọdún 2018. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é kò burú, torí igbó ń run, omi odò sì ń gbẹ káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ṣùgbọ́n òfin náà mú igi ẹ̀gbà mọ́ra, ó sì ju ìdajì gbogbo igbó ẹ̀gbà Kẹ́ńyà lọ tó wà ní Lamu nìkan. Àwọn agégi tí bàbá ńlá wọn ti ń gé e láti ìgbà tí wọ́n ti ń kó o ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Lárúbáwá di aláìníṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹni tí àjà rẹ̀ sì ti jẹrà kò rí igi fi pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n dẹ òfin náà fún Lamu. Síbẹ̀, ilé òkúta iyùn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí àjà bá ti ń jò, ògiri ló kàn. Ẹni tí kò bá lówó àtúnṣe, yálà kó fi páànù àti búlọ́ọ̀kù ṣe é, tàbí kó tà á. Àwọn tó ń rà á, pàápàá ní Shela, abúlé tí kò ju kìlómítà mẹ́ta sí ìlú, òyìnbó pọ̀ nínú wọn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn kan nínú àwọn òyìnbó yìí ń tún ilé ṣe dáadáa ju onílé lọ. Àmọ́ ilé tí olúwa rẹ̀ ń gbé fún oṣù méjì péré lọ́dún ti yọ aládùúgbò kan kúrò ní àdúgbò.

Ẹ wo bí àdúgbò náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Lẹ́nu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan ni daka wà, ìjókòó òkúta méjì tó kọjú síra wọn lábẹ́ òrùlé kékeré. Ibẹ̀ ni ọkùnrin ń jókòó mu kọfí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ pé ẹnì kan kú. Ẹni tó ń kọjá kò sì lè ṣe bí ẹni tí kò rí wọn, torí orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ní òkè, àwọn ilé kan ní afárá tó gba orí ọ̀nà kọjá sí ilé kejì. Wikio ni wọ́n ń pè é. Ọ̀nà àwọn obìnrin ni: wọ́n lè ti ilé kan dé ilé kejì láti lọ bá ara wọn di irun, láti lọ wo abiyamọ, láìfẹsẹ̀ kan ìta. Nígbà ìgbéyàwó, àwọn obìnrin á jáde tilù tìfọn, wọ́n á máa fi igi lu ìwo ẹran, ìyẹn vugo. Láyé àtijọ́, àwọn ìdílé ọlọ́lá tún máa ń yá siwa ìlú lò. Ẹni tó bá mọ kàkàkí yóò mọ irú nǹkan tí siwa jẹ́, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé idẹ ni wọ́n fi ṣe ti Lamu, eyín erin ni wọ́n sì fi ṣe ti Pate, erékùṣù tó wà nítòsí. Inú musíọ́mù ni siwa méjèèjì wà nísinsìnyí.

Bí ọ̀kadà bá wá wọ irú ọ̀nà báyìí, daka ló kọ́kọ́ máa ń ṣófo. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí táyà gun òun lẹ́sẹ̀ nítorí ife kọfí. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọmọdé tó ń lọ sílé kéwú á dẹ́kun àtimáa nìkan rìn, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrì. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó wà ní erékùṣù náà tó nǹkan bí 3,000, wọ́n pọ̀ débi pé láti ọdún 1987 ni ilé ìwòsàn ti wà fún wọn níbẹ̀. Àwọn ló ń ru yanrìn, òkúta, omi, àti pàǹtírí pàápàá. Ẹni tó ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ẹni tó ń gun ọ̀kadà, aláìní ni àwọn méjèèjì, kì í ṣe olówó àti tálákà ló ń jà. Ohun tó mú ìjà náà le nìyẹn.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìlú àtijọ́ yìí jẹ́ párádísè. Ẹrú ló kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ilé gíga Mkomani, apá àríwá ìlú níbi tí àwọn ìdílé ńlá ń gbé, ẹrú ló sì ń ro oko wọn ní òkè ilẹ̀. Ọdún 1907 ni òfin fòpin sí oko ẹrú ní etíkun Kẹ́ńyà, ọrọ̀ Lamu sì ti ń wó lulẹ̀ kí ó tó di ìgbà yẹn. Langoni, apá gúúsù, ni àwọn tálákà àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀lú máa ń kọ́ ilé onímọ̀ọ́ sí. Àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì lè sọ ẹni tó jẹ́ ará Mkomani àti ẹni tó jẹ́ ará Langoni fún yín láìwojú ilé.

Èbúté ló kàn. Ní oṣù kẹta ọdún 2012, àwọn olórí Kẹ́ńyà, Ethiopia àti Gúúsù Sudan pàdé ní Lamu láti fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ kan lélẹ̀ tí wọ́n pè ní LAPSSET: èbúté ọkọ̀ òkun, ọ̀nà ọkọ̀, ọ̀nà reluwé àti páìpù epo, tí yóò so etíkun náà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè méjì tó kù. Ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ 32 ni wọ́n fọkàn sí. Mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìjọba China ló sì kọ́ ọ, ní Kililana, létí òkè ilẹ̀ tó dojú kọ Manda Bay. Ààrẹ Uhuru Kenyatta ṣí àkọ́kọ́ nínú wọn ní 20 oṣù karùn-ún ọdún 2021.

Ọkọ̀ òkun ńlá ń fẹ́ omi jíjìn. Kí omi tó lè jìn, wọ́n ní láti gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹrọ wọ ibẹ̀, ó ń fa yanrìn àti ẹrẹ̀ sókè, omi dàrú, òkìtì iyùn tí ẹja ń sá sí bà jẹ́, igi ẹ̀gbà tó wà ní bèbè lọ pẹ̀lú wọn. Ẹni tí kò mọ Lamu á ní kí àwọn apẹja lọ sí ibòmíràn, òkun mà pọ̀. Ọkọ̀ wọn ni kò jẹ́. Ọkọ̀ onígbòkun kékeré ni mashua tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò, ẹ̀fúùfù ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Láàárín àwọn erékùṣù, níbi tí ìgbì ti rọ̀, ni wọ́n ti ń lò ó láti ìran dé ìran. Níta gbangba, lẹ́yìn òkìtì iyùn, tí afẹ́fẹ́ àti ìgbì bá gbé e, ikú ni.

Gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ wà nínú ọ̀nà omi yẹn. Nahodha, ìyẹn atukọ̀, mọ ibi tí yanrìn wà nísàlẹ̀ láìrí i. Ó mọ ìgbà tí omi yóò kún àti ìgbà tí yóò fà, ó mọ oṣù tí ẹ̀fúùfù kusi ń fẹ́ láti gúúsù àti oṣù tí kaskazi ń fẹ́ láti àríwá. Ọmọ á tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kó tó mọ̀ ọ́n. Ní Matondoni, ní ìhà kejì erékùṣù náà, àwọn kan wà tó ń kan ọkọ̀ láìsí àwòrán kankan níwájú wọn, ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi náà, ó gbẹ́ ìmọ̀ yẹn dànù pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ tí kò rí ìdí tí yóò fi kọ́ ọ̀nà omi kò ní ra ọkọ̀, ẹni tó ń kan ọkọ̀ kò sì ní rí ẹni tí yóò kàn án fún.

Àwọn ará Lamu gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé-ẹjọ́ lọ́dún 2012. Ọdún mẹ́fà ló gbà. Ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 2018, Ilé-ẹjọ́ Gíga ní kí wọ́n san bílíọ̀nù 1.76 ṣílè Kẹ́ńyà fún nǹkan bí 4,600 apẹja. Owó gbà-má-bìínú yẹn ni gbogbo ìwé ìròyìn gbé. Apá kejì ìdájọ́ náà ló yà mí lẹ́nu jù, kò sì gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn adájọ́ ní iṣẹ́ èbúté náà tún tẹ ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn sí àṣà wọn lójú, pé ọ̀nà ìpẹja ìbílẹ̀ jẹ́ ara àṣà, àti pé kò sí ètò gidi tí wọ́n ṣe láti dáàbò bo ìlú tó jẹ́ ogún àgbáyé. Òfin ìpìlẹ̀ Kẹ́ńyà ti ọdún 2010 ló fún wọn lágbára láti sọ bẹ́ẹ̀. Abala 11 rẹ̀ pe àṣà ní ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè, Abala 44 sì fún oníkálukú lẹ́tọ̀ọ́ láti máa bá àṣà àti èdè rẹ̀ lọ. Mo rò pé ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé etí òkun tí wọ́n fẹ́ kọ́ èbúté sí yẹ kó ka ìdájọ́ yẹn.

Ìdájọ́ kò di owó lójijì. Wọ́n tún padà sí ìjíròrò, títí wọ́n fi fẹnu kò pé apá kan rẹ̀ yóò jẹ́ owó, apá kan yóò jẹ́ ohun èlò ìpẹja. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àwọn kan nínú àwọn tó ń retí rẹ̀ ń dàgbà kọjá ẹni tó lè wọ ọkọ̀. Ìjọba tún ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún 1,000 ọ̀dọ́ Lamu kí wọ́n lè rí iṣẹ́ ṣe ní èbúté. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ èbúté ń fa àlejò láti gbogbo Kẹ́ńyà, ẹ̀rù tó sì ń ba ọ̀pọ̀ ni pé àlejò yóò pọ̀ ju onílé lọ, ilẹ̀ òkè tí wọn kò ní ìwé rẹ̀ yóò sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀rù yìí ti pẹ́ ju LAPSSET lọ, láti ìgbà tí ìjọba ti kó àwọn àgbẹ̀ láti àárín orílẹ̀-èdè wá tẹ̀dó sí Mpeketoni, ìlú kan ní òkè ilẹ̀ Lamu, láàárín ọdún 1970 sí 1979.

Ti ilé-iṣẹ́ amúnáwá kò gùn. Wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí Kwasasi, nǹkan bí 20 kìlómítà sí ìlú, kó máa jó èédú láti pèsè mẹ́gáwáàtì 1,050. Àwọn ẹgbẹ́ ìlú kóra jọ lábẹ́ orúkọ Save Lamu, wọ́n pe ẹjọ́, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àyíká sì fagi lé ìwé àṣẹ rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2019, torí pé wọn kò jẹ́ kí àwọn ará ìlú dá sí i bó ṣe yẹ.

Ọ̀rọ̀ òru ni àwọn ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ kà. Lọ́dún 2011, àwọn oníbọn jí àwọn òyìnbó gbé ní agbègbè náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, wọ́n kọlu Mpeketoni àti àyíká rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bọ́ síbẹ̀, Al-Shabaab, ẹgbẹ́ agbébọn láti Sòmálíà, sì ní àwọn ló ṣe é. Ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀, wọ́n sì ní kí apẹja kankan má wọ òkun lóru. Ta ló lè bá wọn jiyàn, nígbà tí òkú ṣì wà nílẹ̀? Ṣùgbọ́n òru ni ìlú olóoru ń gbé ayé rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán a máa lé gbogbo ènìyàn wọlé. Ẹ̀yìn Ìṣáà ni daka ń kún, ẹ̀yìn Ìṣáà ni orin ìgbéyàwó ń bẹ̀rẹ̀, òru ni àwọn ẹja kan ń jẹ ìwọ̀, òru sì ni ìlù ń dùn lẹ́nu mọ́sáláṣí. Ìgbéyàwó tí wọ́n ń fi ọjọ́ mélòó kan ṣe di èyí tí wọ́n ń kán lójú ṣe lọ́sàn-án. Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ náà ò wá mọ́, ilé ìtura tìlẹ̀kùn, àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀kùn ọlọ́nà àti àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ sára fìlà kofia kò rí ẹni rà á. Ìfòfindè ìpẹja òru náà pẹ́ ju ti kónílé-ó-gbélé lọ.

Síbẹ̀, lọ́dọọdún, nígbà tí oṣù Rábíù Àwáàlì bá lé, ìlú náà a máa kún bámúbámú. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń ṣe Maulidi, ìrántí ìbí Ànábì, àwọn ènìyàn sì ń wá láti gbogbo etíkun Ìlà Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n á sáré kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní etí omi, wọ́n á fi ọkọ̀ onígbòkun díje, wọ́n á lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á ta bao tó dà bí ọmọ ìyá ayò ọlọ́pọ́n, wọ́n á díje nínú kíkọ Lárúbáwá lọ́nà ẹwà. Olórí gbogbo rẹ̀ ni ìlù àti orin ìyìn ní mọ́sáláṣí Riyadha, ní Langoni.

Mọ́sáláṣí yẹn ní ìtàn. Habib Salih, ọkùnrin kan láti erékùṣù Comoros, ló dá a sílẹ̀ lẹ́yìn tó tẹ̀dó sí Lamu ní ìparí ọ̀rúndún 19. Ìmọ̀ ẹ̀sìn wà lọ́wọ́ àwọn ìdílé ńlá nígbà náà. Habib Salih ní tirẹ̀ lọ jókòó láàárín àwọn àlejò, àwọn tálákà àti àwọn tó ti jẹ́ ẹrú rí, ó ń kọ́ wọn, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa lu ìlù wọn nígbà Maulidi. Inú bí àwọn ọlọ́lá. Wọ́n ní ìlù nínú ìjọsìn kò bá ìlànà mu, pé ọkùnrin àlejò yìí fẹ́ ba ìlú jẹ́. Lónìí, ohun tí wọ́n ń bá a jà sí yẹn gan-an ni gbogbo ayé mọ Lamu sí, òun sì ni àwọn ọmọ ọmọ àwọn tó ta kò ó ń pè ní àṣà àwọn bàbá wọn.

Ìtàn yìí máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bá ń gbọ́ àríyànjiyàn ọ̀kadà. Ẹnì kan á sọ pé àṣà máa ń yí padà, kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀dọ́ gun ohun tó bá wù ú. Òótọ́ ni pé ó ń yí padà. Ṣùgbọ́n ìlù Habib Salih wọ inú ọ̀nà tóóró, ọ̀nà sì gbà á, torí pé ẹsẹ̀ ènìyàn ni wọ́n fi gbé e wọlé. Ó mú ẹni tí kò ní ìjókòó ní ìgboro jókòó. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nípa èbúté àti ọ̀kadà ni bóyá àwọn náà ń fi kún iye ẹni tó lè jókòó lórí daka. Ọ̀kadà wúlò fún ará Langoni tó fẹ́ gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn, n kò lè sọ pé kò wúlò. Èbúté wúlò fún ọmọ tó bá rí ẹ̀kọ́ gbà nínú àwọn 1,000 yẹn.

Nínú ìdájọ́ ọdún 2018, owó tí wọ́n ṣírò, ti àwọn apẹja ni, wọ́n sì rí i ṣírò nítorí pé ẹja ní iye. Fún ẹ̀tọ́ sí àṣà, ilé-ẹjọ́ kò dá iye kankan. Ẹni tó ń kan ọkọ̀ ní Matondoni kì í ṣe apẹja, òun kò pa ẹja kankan rí. Bí apẹja bá gba ohun èlò tirẹ̀, ọkọ̀ oníke tó ní ẹ́ńjìnnì ni yóò fẹ́, kó lè kọjá òkìtì iyùn lọ sí omi jíjìn.